Ẹni Tí Ó Kọ́ Àlejò Ní Ìlú: Àlàyé Lórí Sinimá “Nirgendwo in Afrika”

Ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè wa tí a fi ń pe ẹni tí ogun tàbí ìpọ́njú ti lé kúrò ní ìlú rẹ̀: ogunléndé ni a ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ó lọ ṣòwò, kì í sì í ṣe ẹni tí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́. Ogun ni ó lé e dé ibi tí a ti bá a. Oníṣòwò mọ ọjọ́ tí òun yóò padà sílé, ṣùgbọ́n ogunléndé kò mọ̀ ọ́n. Ní ojú ìwé yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé lórí sinimá kan tí ó sọ ìtàn irú ìdílé bẹ́ẹ̀, nítorí a gbà pé ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tí yóò dúró níwájú àwọn ọmọdé láti kọ́ wọn.

Orúkọ sinimá náà ni “Nirgendwo in Afrika”. Èdè Jámánì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ “Ibi Tí Kì Í Ṣe Ibìkan Ní Áfíríkà”. Obìnrin ará Jámánì kan, Caroline Link, ni ó darí rẹ̀. Ọdún 2001 ni ó jáde, nígbà tí ó sì di ọdún 2003, a fi ẹ̀bùn Oscar dá a lọ́lá ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó dára jù lọ nínú àwọn sinimá tí kì í ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó gùn tó wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Èdè mẹ́ta ni a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣèré inú rẹ̀: Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì àti Swàhílì. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa yóò rí i pé bí èdè kan ti ń dínkù, tí òmíràn sì ń pọ̀ sí i lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan, ni a fi ń mọ ibi tí ó bá ìrìn àjò rẹ̀ dé.

Ìtàn náà kì í ṣe àlọ́ lásán. Inú ìwé tí Stefanie Zweig tẹ̀ jáde ní ọdún 1995 ni a ti mú un, ìwé náà sì dúró lórí ìgbésí ayé òun fúnra rẹ̀. Ọdún 1932 ni a bí i ní Leobschütz, tí í ṣe ìlú Jámánì nígbà náà. Agbẹjọ́rò ni baba rẹ̀, Júù sì ni wọ́n. Ní ọdún 1938 wọ́n sá lọ sí Kẹ́ńyà, ní ọdún 1947 wọ́n padà sí Jámánì, Stefanie sì di oníṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Frankfurt, níbi tí ó kú sí ní ọdún 2014. Nínú sinimá yìí, Redlich ni a pe ìdílé náà, ìlú Breslau ni a sì ní wọ́n ti wá. Walter ni baba, Jettel ni ìyá, Regina sì ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí.

Kí a tó lè mọ ìwọ̀n ohun tí ojú wọn rí, ó yẹ kí a rántí ohun tí ó lé wọn. Láti ìgbà tí Hitler ti gba ìjọba ní ọdún 1933 ni ó ti ń fi òfin gé àwọn Júù kúrò lára ìlú díẹ̀díẹ̀. Òfin ọdún 1935 gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ wọn, ó sì ka ìgbéyàwó láàárín wọn àti àwọn ará Jámánì yòókù léèwọ̀. Nígbà tí ọdún 1938 fi máa parí, a ti ka iṣẹ́ agbẹjọ́rò léèwọ̀ fún Júù. Ní oṣù Keje ọdún náà, aṣojú orílẹ̀-èdè 32 pàdé ní Evian ní ilẹ̀ Faransé láti gbìmọ̀ ibi tí àwọn tí ń sá wọ̀nyí lè forí pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó ṣí kò tó nǹkan. Lóru ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, a dáná sun sínágọ́gù tàbí a bà wọ́n jẹ́, ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. A fọ́ ìsọ̀ àwọn Júù, a sì kó ọkùnrin tó 30,000 lọ sí àgọ́ ìyà. Walter ti ṣáájú lọ sí Kẹ́ńyà, ó sì ti ránṣẹ́ pe aya àti ọmọ rẹ̀. Orí kó wọn yọ kí òru náà tó dé. Àwọn òbí àti ìbátan tí wọ́n fi sílẹ̀ dúró, nítorí púpọ̀ nínú wọn gbà pé ìjì náà yóò rọlẹ̀.

A ti mọ́ ọn lára láti máa gbọ́ ìtàn ará Áfíríkà tí ó sá dé ìlú òyìnbó. Nínú sinimá yìí, òyìnbó ni ogunléndé, Áfíríkà ni ó sá dé. Kì í ṣe ọ̀gá ni Walter nígbà tí a kọ́kọ́ rí i ní Rongai. Ó ń bójú tó oko màlúù fún òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì mọ iṣẹ́ oko. Ibà dá a dùbúlẹ̀ dé ojú ikú. Ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi dìde ni Owuor, alásè rẹ̀, irú ẹni tí a máa ń pè ní kúkù ní ilé àwọn òyìnbó. Nígbà tí ara Walter yá, ó mú ẹ̀wù dúdú tí ó fi ń wọ ilé ẹjọ́ ní Jámánì, ó fi ta Owuor lọ́rẹ. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí jẹ́. Ẹ̀wù náà ni gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun ni iyì rẹ̀ ní àwùjọ. Ó bọ́ ọ sílẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé nínú pápá Rongai kò sí ẹni tí ó ń wá agbẹjọ́rò. Owuor gbé e wọ̀ tayọ̀tayọ̀, ó sì yẹ ẹ́.

Jettel kò lè bọ́ ẹ̀wù tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kọ̀wé sí i pé kí ó ra fíríìjì wá, kí ó má sì ru ẹrù àwo tánganran. Ẹ̀wù àríyá ni ó fi owó náà rà, ó sì di àwọn àwo náà wá pẹ̀lú. Àwọn òǹwòran a máa fi í rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá rò ó dáadáa, ẹ̀rín kọ́. Obìnrin tí ó di ẹ̀wù àríyá sínú àpótí kò tí ì gbà pé òun ti kúrò nílé. Ó ń retí pé láìpẹ́ ọ̀ràn náà yóò tán, òun yóò sì tún jó níbi tí òun ti máa ń jó. Nítorí náà kò fẹ́ kọ́ èdè ibẹ̀. Ó fẹ́ kí Owuor kọ́ èdè Jámánì bí ó bá ní ọ̀rọ̀ bá òun sọ. Àwọn àgbà wa ní, “Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.” Jettel ní ojú méjèèjì ní Rongai, ṣùgbọ́n Breslau nìkan ni ó ń rí.

Níhìn-ín ni a dé ibi tí ó ṣe pàtàkì jù lọ lójú tiwa. Jettel ní kí Owuor máa gbé omi. Ní àṣà àwọn ènìyàn ibẹ̀, iṣẹ́ obìnrin ni omi pípọn, alásè sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Owuor gbé omi náà, àwọn obìnrin sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ojú tì í, ṣùgbọ́n Jettel kò mọ̀, nítorí kò béèrè. Walter bá a wí gidigidi nítorí ìwà rẹ̀ sí ọkùnrin yìí: ó ní ó rán òun létí bí àwọn kan ní ìlú wọn ti ń ṣe sí Júù. Ọ̀rọ̀ náà le, òtítọ́ sì ni. Ìyá yìí jẹ ìyà nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn baba rẹ̀. Síbẹ̀ ó dé ilẹ̀ mìíràn, ó sì ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo ẹlòmíràn nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn baba tirẹ̀. A máa ń rò pé ìyà a máa kọ́ni ní àánú. Sinimá yìí fi hàn wá pé ìyà nìkan kò tó. Ẹni tí ó jẹ ìyà gbọ́dọ̀ kọ́ àánú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò jẹ ìyà rí ti gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.

Ti Regina yàtọ̀. Kò tí ì tó ẹni tí ó ní ipò tí yóò pàdánù. Ní ọjọ́ tí wọ́n dé, Owuor gbé e sókè, ọmọ náà sì fi ara tì í. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, láìsí pátákó, láìsí ìwé, láìsí agogo. Owuor sọ orúkọ ohun tí ó rí fún un, ọmọ náà sì sọ ọ́ padà. Ó mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀, ó bá wọn ṣeré, ó gbọ́ ìtàn wọn, kò sì pẹ́ tí ó fi di ògbufọ̀ láàárín ìyá rẹ̀ àti gbogbo ayé tí ó yí ilé wọn ká. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ìlú àjèjì rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí: ọmọ a kọ́kọ́ gbọ́ èdè, òbí a sì máa ti ẹnu ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjà. Ohun tí ó dára ni, ó sì ní ẹrù tirẹ̀, nítorí ọmọ tí ó di ẹnu fún àwọn òbí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ó ju orí rẹ̀ lọ.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ogun bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kẹ́ńyà kó àwọn ará Jámánì sí àhámọ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá, kò sì kọ́kọ́ ya Júù sọ́tọ̀ nínú wọn. Àwọn tí Hitler ń lé ni a mú nítorí pé wọ́n jẹ́ ará ìlú Hitler. A kó àwọn ọkùnrin lọ sí àgọ́. A kó àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ sí Norfolk Hotel ní Nairobi, ilé àlejò àwọn ọlọ́lá, tí ìjẹun àti ibùsùn rẹ̀ dára ju ohunkóhun tí wọ́n ti rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Walter pàdánù iṣẹ́ Rongai. Nígbà tí a dá wọn sílẹ̀, ó rí iṣẹ́ oko mìíràn ní Ol Joro Orok ní orí òkè, Owuor sì wá wọn rí níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ fún un pé kí ó wá.

Ní oko kejì yìí ni Jettel yí padà. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ó yí padà, kì í sì í ṣe ìwàásù ni ó yí i padà; iṣẹ́ ni. Nígbà tí Walter wọ iṣẹ́ ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì, aya rẹ̀ ni ó kù tí ó ń bójú tó oko. Ó di dandan kí ó bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí náà ó kọ́ èdè wọn. Nígbà tí ó kọ́ èdè wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí rí wọn. Ó bá wọn lọ síbi ètùtù kan ní òru, ó jókòó, ó sì wò ó láìkẹ́gàn. Lẹ́yìn náà ó sọ fún Regina pé kí a máa bọ̀wọ̀ fún ara wa kò túmọ̀ sí pé kí gbogbo wa jọ ara wa. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ènìyàn, ó ní iye lórí. Kò sí ọ̀mọ̀wé tí ó kọ́ ọ ní èyí. Àwọn tí ó ti rò pé wọn kò ní ohunkóhun láti kọ́ òun ni ó kọ́ ọ.

Nígbà gbogbo yìí, ìwé láti ilé ń dínkù. Ní ìkẹyìn, ìwé kúkúrú kan dé pé a ń kó àwọn ènìyàn wọn lọ sí Pólàǹdì. Walter mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdákẹ́jẹ́ ni. Sinimá náà kò fi àgọ́ ikú hàn wá rárá. Ó fi ìdílé kan hàn wá tí ń retí ìwé tí kò dé. Àwọn Júù tí a pa títí di ọdún 1945 tó mílíọ̀nù mẹ́fà, ṣùgbọ́n iye bẹ́ẹ̀ kì í wọ ọkàn ènìyàn. Ìwé tí kò dé a máa wọ ọkàn.

Nítorí iṣẹ́ tí a ń kọ́ níhìn-ín, ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ilé ẹ̀kọ́ Regina. Wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbé títí di ìgbà ìsinmi. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba àdúrà, a ní kí àwọn ọmọ Júù kúrò láàárín àwọn yòókù, kí wọ́n dúró lọ́tọ̀. Ẹni tí ó ṣe òfin náà lè rò pé ọ̀wọ̀ ni òun ń fún ẹ̀sìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọmọ tí ó ń rìn kúrò ní ìlà nígbà tí gbogbo ilé ń wò ó. Ní oko, láàárín àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, Regina kò jẹ́ àlejò. Ní ilé ẹ̀kọ́, láàárín àwọn ọmọ tí àwọ̀ wọn jọ tirẹ̀, ó jẹ́ àlejò pátápátá. Ó tẹra mọ́ ìwé rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n, nítorí ó mọ bí owó ilé ẹ̀kọ́ náà ti wúwo tó lọ́rùn baba rẹ̀.

Ogun parí, ọ̀rọ̀ sì yí po. Walter, tí ó ti tètè bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, ni ó wá ń fẹ́ padà báyìí, nítorí a fi iṣẹ́ adájọ́ lọ̀ ọ́ ní Jámánì. Jettel, tí kò fẹ́ dé Kẹ́ńyà, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Báwo ni a óò ṣe máa gbé láàárín àwọn tí ó pa àwọn òbí ẹni? Ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn tí ó rọrùn, sinimá náà kò sì dá a sí eré. Ní àárín àríyànjiyàn wọn, eéṣú bo oko. Gbogbo ènìyàn jáde pẹ̀lú ìkòkò àti igi, wọ́n ń pariwo kí eéṣú lè fò lọ. Jettel wà láàárín wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé àlejò ni.

Síbẹ̀ wọ́n padà. “Àjò kì í dùn kí onílé má relé,” ni àwọn àgbà wa wí, ṣùgbọ́n òwe náà rò pé ilé ṣì wà níbi tí a fi í sí. Breslau ti di ti Pólàǹdì láti ọdún 1945, orúkọ rẹ̀ sì ti di Wrocław. Bẹ́ẹ̀ náà ni Leobschütz, tí a bí Stefanie Zweig sí. Frankfurt tí wọ́n lọ kì í ṣe ilé tí wọ́n ti wá. Owuor kò dúró de ọjọ́ ìlọ wọn; ó dágbére fún Regina, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀ ojú irin tí ń gbé wọn lọ, obìnrin kan na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí Jettel lójú fèrèsé. Jettel dá a lóhùn ní èdè Swàhílì pé òun kò ní owó, òtòṣì bí ọ̀bọ ni òun. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní fún ọ̀bọ náà ni. Obìnrin tí ó ti kọ̀ láti kọ́ èdè náà ni ó ń fi í ṣe àwàdà.

A kò ní ṣe òtítọ́ bí a bá yin sinimá yìí láìsọ ohun tí ó fò dá. Kẹ́ńyà kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Láti ọdún 1920 ni Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di ilẹ̀ àmúnisìn pátápátá. Ilẹ̀ olókè tí ó lẹ́tù lójú jù lọ, a yà á sọ́tọ̀ fún òyìnbó, àwọn tí ó ti ni ín tẹ́lẹ̀ sì di alágbàṣe lórí rẹ̀. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kò lè rìn láìní ìwé ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní kipande. Nítorí náà, bí Redlich ti tòṣì tó, ó ga ju Owuor lọ nínú òfin ilẹ̀ náà. Ìbínú tí èyí bí ni ó mú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde òfin pàjáwìrì ní ọdún 1952, Kẹ́ńyà sì gba òmìnira ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a rí gbọ́ nínú sinimá yìí nípa ilé Owuor, àwọn ènìyàn rẹ̀, àti ohun tí ó ń rò nígbà tí ó bá dá nìkan wà. Ó mọ gbogbo ìbànújẹ́ wọn. Àwọn kò mọ ìdajì tirẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fi sinimá yìí han àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ sọ èyí fún wọn pẹ̀lú.

Kí ni ó kàn wá nínú gbogbo èyí? Èkíní, láìpẹ́ a óò rán púpọ̀ nínú wa lọ sí ìlú tí a kò mọ̀, tí ẹ̀ka èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa. A óò dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí wa, bí Jettel ti dé pẹ̀lú àwo tánganran rẹ̀. Kí a tó kọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè orúkọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wà nítòsí, ìbáà ṣe ẹni tí ń gbá ilé ẹ̀kọ́.

Èkejì, ọmọ kan yóò wà nínú kíláàsì wa tí èdè rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ilé rẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù mu. Kí a má ṣe òfin kan tí yóò mú un jáde kúrò ní ìlà, bí ó ti wù kí ète òfin náà dára tó, títí a ó fi ro ojú tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi wò ó.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Bí a bá ti fi ìyà jẹ wá rí nítorí ìlú wa, àwọ̀ wa tàbí ìdílé wa, kí a má rò pé èyí ti sọ wá di ẹni rere. Omi tí a ní kí Owuor gbé ń bẹ lọ́wọ́ olúkúlùkù wa láti gbé lé ẹlòmíràn lórí. Ẹni tí a óò gbé e lé lórí lè jẹ́ ẹni tí yóò tọ́jú wa nígbà tí ibà bá dá wa dùbúlẹ̀.